Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aláṣẹ Ètò Ìlera lórí Iṣẹ́ Abẹ Ẹ̀rọ Ìgbọ́ràn Inú Egungun

Sí Mínísítà fún Ètò Ìlera ní Nàìjíríà, sí àwọn Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, sí àjọ adójútòfò ìlera NHIA, àti sí àwọn alákòóso ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà níṣẹ́.



Ọ̀nà méjì ni ohùn ń gbà dé etí inú. Ọ̀nà kìíní ni èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀: afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn wọ ihò etí, ohùn ń lu ìlù etí, ìlù etí ń mi egungun kéékèèké mẹ́ta tó wà ní etí àárín, àwọn egungun náà sì ń ti ìgbọ̀nrìrì yìí dé etí inú, níbi tí iṣan ìgbọ́ràn wà. Ọ̀nà kejì kò kan ihò etí rárá. Egungun agbárí fúnra rẹ̀ ń gbé ohùn. Bí ènìyàn bá fi ìka di etí méjèèjì, tó wá sọ̀rọ̀, yóò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ketekete, nítorí pé egungun ló gbé e wọlé. Dókítà etí ń lo ọ̀nà yìí lójoojúmọ́. Ó ń gbá irin ẹlẹ́nu méjì kan kó lè máa dún, ó ń fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí aláìsàn, ó sì ń bi í bóyá ó ń gbọ́ ọ.

Ọ̀nà kejì yìí ni ìrètí àwọn tí ọ̀nà kìíní ti dí mọ́. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí láìní ihò etí, tàbí tí etí òde wọn kò ju ẹran kékeré kan lọ, ṣùgbọ́n tí etí inú wọn pé, tó sì ń ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà kan wà tí etí wọn ti ń ṣọyún láti kékeré, tí ìlù etí ti lu, tí àìsàn sì ti jẹ egungun kéékèèké inú rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lẹ́yìn etí láti fi gé àìsàn kúrò, tí ihò gbàǹgbà sì ṣẹ́kù síbẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n ń ki bọ ihò etí kò bá irú wọn mu. Ẹni tí kò ní ihò etí kò ní ibi tí yóò ki í sí. Ẹni tí etí rẹ̀ ń ṣọyún, bó bá fi ẹ̀rọ dí i pa, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọlé, ọyún yóò máa pọ̀ sí i, ẹ̀rọ náà yóò sì bàjẹ́. Ní Nàìjíríà, etí tó ń ṣọyún wà lára ohun tó ń gbé ọmọdé dé ọ̀dọ̀ dókítà etí jù lọ. Ọ̀rọ̀ ilé ni ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ti òkèèrè nìkan.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ nínú ìròyìn tó gbé jáde lórí ìgbọ́ràn lọ́dún 2021 pé àwọn tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa mọ́ lé ní bílíọ̀nù 1.5 káàkiri ayé, pé nínú wọn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 430 ló nílò ìtọ́jú, àti pé àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ń gbé. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ẹ̀rọ inú egungun, èyí tó ń gba ọ̀nà kejì yẹn gbé ohùn wọlé, wà fún. Ṣùgbọ́n fún àwọn tó wà fún, ó lè jẹ́ òun nìkan ló máa mú wọn gbọ́ràn. Ohun tó yẹ kí àwọn aláṣẹ mọ̀ ni pé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ yìí sí agbárí ti rọrùn gan-an ju bó ṣe wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ. Ohun tó ń dá aláìsàn dúró báyìí ni owó, ètò, àti ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọwọ́ aláṣẹ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà.

Ara ehoro ni ìtàn ẹ̀rọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, Per-Ingvar Brånemark, onímọ̀ ìṣègùn ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú egungun ehoro. Ó ki irinṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n fi titanium ṣe bọ inú egungun náà kó lè máa rí inú rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, kò yọ mọ́: egungun ti hù mọ́ irin náà lára, àwọn méjèèjì ti di ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ irin mìíràn ni ara máa ń fi ẹran yí ká gẹ́gẹ́ bí àjèjì, ṣùgbọ́n egungun gba titanium bí ẹni pé ara rẹ̀ ni. Lọ́dún 1965 ni Brånemark bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣó titanium sí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn tí eyín wọn ti ká, kó lè gbé eyín àtọwọ́dá dúró. Láti ibi eyín ni wọ́n ti rìn dé ibi etí. Lọ́dún 1977, ní ìlú Gothenburg, Anders Tjellström, dókítà etí ní ilé ìwòsàn Sahlgrenska, pẹ̀lú Brånemark, fi irú ìṣó bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìn etí àwọn aláìsàn àkọ́kọ́. Bo Håkansson, ẹnjiníà ní Fásitì Chalmers nílùú kan náà, wà lára àwọn tó ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ọn.

Ohun mẹ́ta ló para pọ̀ di ẹ̀rọ náà. Ìkíní ni ìṣó titanium tí wọ́n ń yí wọ inú egungun; mìlímítà 3 tàbí 4 péré ni gígùn rẹ̀. Ìkejì ni òpó kékeré tó dúró lórí ìṣó, tó la awọ orí kọjá síta. Ìkẹta ni ẹ̀rọ agbohùn, tí aláìsàn ń so mọ́ òpó náà láàárọ̀, tó sì ń yọ bó bá fẹ́ wẹ̀ tàbí bó bá fẹ́ sùn. Ẹ̀rọ agbohùn ń gba ohùn, ó ń sọ ọ́ di ìgbọ̀nrìrì, òpó ń gbé e fún ìṣó, ìṣó ń gbé e fún egungun, egungun sì ń gbé e dé etí inú.

Àyẹ̀wò ló ń ṣáájú abẹ. Onímọ̀ ìgbọ́ràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn bí etí inú ṣe lè gbọ́ tó láti inú egungun. Bí aláìsàn bá ń gbọ́ ní ìwọ̀n dẹ́síbẹ̀lì 45 tàbí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ agbohùn kékeré tó fún un; èyí tó lágbára jù lọ lè ran ẹni tó wà ní dẹ́síbẹ̀lì 65 lọ́wọ́. Ẹni tí etí rẹ̀ kan ti dití pátápátá, tí èkejì sì dára, lè jàǹfààní pẹ̀lú, nítorí pé egungun agbárí ń gbé ohùn láti ẹ̀gbẹ́ tó ti kú bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó yè. Lẹ́yìn àyẹ̀wò ni ìdánwò kàn. Wọ́n ń so ẹ̀rọ agbohùn mọ́ ọ̀já tí aláìsàn ń dè mọ́ orí, kó lè gbé e lọ sílé, sọ́jà, síléèwé, sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Àǹfààní tí iṣẹ́ abẹ yìí ní ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ mìíràn lọ nìyí: aláìsàn ti mọ bí yóò ṣe gbọ́ràn tó kí ẹnikẹ́ni tó fi abẹ kàn án.

Yíyan ojú ibi tí ìṣó yóò wà gba sùúrù. Ẹ̀yìn etí sókè díẹ̀ ni, ní nǹkan bíi mìlímítà 50 sí 55 sí ihò etí. Ẹ̀rọ agbohùn kò gbọ́dọ̀ kan etí òde, nítorí bó bá kàn án, yóò máa hó. Apá ìgò ojú kò gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó yẹ kí dókítà ní kí obìnrin wé gèlè rẹ̀ bó ṣe máa ń wé e, kí ọkùnrin dé fìlà rẹ̀, kí ẹni tó ń lo ìbòrí lò ó, kí ó tó sàmì sí orí wọn. Ọmọ tí kò ní etí òde, tí wọ́n ṣì lè fẹ́ ṣe etí fún lọ́jọ́ iwájú, ìṣó tirẹ̀ gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn sí i, kí awọ tí oníṣẹ́ abẹ mìíràn yóò lò má baà bàjẹ́.

Fún àgbàlagbà, abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ kú ti tó. Aláìsàn kò ní láti sùn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ náà, dókítà gbọ́dọ̀ ti fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan wọn bí awọ ibẹ̀ ṣe nípọn tó, nítorí pé omi oògùn máa ń mú awọ wú, ìwọ̀n tí wọ́n bá mú lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì parọ́. Ìwọ̀n yìí ló ń sọ irú òpó tí wọ́n máa lò: mìlímítà 6, 9, 12 tàbí 14. Òpó tó bá kúrú jù, awọ yóò bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tó bá gùn jù yóò máa kọ́ gbogbo nǹkan.

Nígbà tí wọ́n bá ti la awọ, tí wọ́n sì ti ká awọ fẹ́lẹ́ tó bo egungun kúrò, lílu ihò ló kàn. Ẹ̀rọ ìluhò ń yí ní ìgbà 1,500 sí 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, omi tútù sì ń dà sí i láìdáwọ́ dúró. Omi yìí ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà. Egungun tó bá gbóná dé nǹkan bíi ìwọ̀n 47 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú kan lè kú, egungun tó ti kú kò sì lè hù mọ́ irin. Nítorí náà ni oníṣẹ́ abẹ ṣe ń ti ẹ̀rọ náà wọlé, tó ń fà á jáde, tó tún ń tì í wọlé, kí omi lè ráyè dé ìsàlẹ̀ ihò. Lẹ́nu ẹ̀rọ náà ni ìdènà kan wà tí kì í jẹ́ kó kọjá mìlímítà 3. Bó bá dé ibẹ̀, oníṣẹ́ abẹ dúró, ó fi irin tí ẹnu rẹ̀ kú tọ ìsàlẹ̀ ihò wò. Bí egungun bá ṣì wà nísàlẹ̀, ó yọ ìdènà náà, ó lu ú dé mìlímítà 4. Bí ibẹ̀ bá ti rọ̀, awọ tó bo ọpọlọ tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ló kàn án, ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi ìluhò mìíràn mú ihò náà fẹ̀ sí i, pẹ̀lú omi bíi ti àkọ́kọ́. Ìṣó ló kàn. Inú ike rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi irinṣẹ́ gbé e tààrà lọ sínú egungun. Kò gbọ́dọ̀ kan ìbọ̀wọ́, aṣọ tàbí awọ, torí pé ìdọ̀tí díẹ̀ lára titanium lè mú kí egungun kọ̀ ọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yí i wọlé. Ẹ̀rọ náà ni wọ́n ti ṣètò láti dúró fúnra rẹ̀ bí agbára ìyí bá ti dé Newton-sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50 fún egungun àgbàlagbà tó le. Ìwọ̀n tirẹ̀ kéré sí i fún egungun tó rọ̀. Ní àtijọ́, oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń dúró kí wọ́n tó so ẹ̀rọ agbohùn mọ́ ọn. Ìṣó òde òní fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mìlímítà 4.5 dípò 3.75, ara rẹ̀ sì rí págunpàgun kí egungun lè tètè dì í mú, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń so ẹ̀rọ mọ́ ọn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ti egungun kọ́ ló le jù nínú iṣẹ́ abẹ yìí. Awọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ibi tí òpó ti la awọ kọjá jẹ́ ojú ọgbẹ́ tí kò ní pa dé láéláé, irun sì wà níbẹ̀, òógùn wà níbẹ̀, kòkòrò àìsàn náà wà níbẹ̀. Èrò àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ni pé bí awọ tó yí òpó ká bá ń mì, kòkòrò yóò ráyè wọlé. Nítorí náà, kí awọ náà di tinrin, kó má lè mì. Tjellström àti àwọn tó tẹ̀ lé e ń gé ọ̀rá ìsàlẹ̀ kúrò, wọ́n sì ń fi awọ tí kò ní irun rọ́pò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tó ń bó awọ pẹlẹbẹ. Ní Nijmegen ní Netherlands, àwọn dókítà dín in kù sí ojú abẹ kan gbọọrọ, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń gé ọ̀rá kúrò. Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n aláìsàn san owó rẹ̀: ibẹ̀ kú tipiri, irun kò hù mọ́, orí jìn wọlé, ọgbẹ́ sì pẹ́ kó tó jinná. Ní ìgbà àkọ́kọ́ pàápàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ: lẹ́ẹ̀kíní fún ìṣó, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún òpó.

Lọ́dún 2011, Malou Hultcrantz, dókítà kan ní Stockholm, gbé ìròyìn ọ̀nà mìíràn jáde. Kò gé ọ̀rá kankan kúrò. Ó la awọ gbọọrọ, ó fi ìṣó sí i, ó lo òpó tó gùn, ó sì rán awọ pa dà yí i ká bí ó ṣe wà. Iṣẹ́ abẹ náà yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, awọ ń jinná kíákíá, ojú ibẹ̀ kì í kú bíi ti tẹ́lẹ̀, irun sì ń hù. Ìdí tó fi lè rí bẹ́ẹ̀ kò le: awọ tí wọn kò tú ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tó pé, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì ni ohun ìjà tí ara fi ń lé kòkòrò. Láàárín ọdún díẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Yúróòpù yí sí ọ̀nà yìí, wọ́n sì jáwọ́ nínú ọ̀nà tí wọ́n ti ń lò láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Ọ̀nà kẹta tún dín ojú ọgbẹ́ kù sí i. Àwọn dókítà ní Maastricht ní Netherlands wà lára àwọn tó tún un ṣe. Wọn kò la awọ mọ́. Irin roboto kan tó mú, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5, ni wọ́n fi ń gé awọ jáde ní rogodo títí dé egungun. Wọ́n ń ki ọ̀pá oníhò kan bọ ibẹ̀ láti dáàbò bo awọ, inú ọ̀pá yìí ni ẹ̀rọ ìluhò àti omi ń gbà. Wọ́n fi ìṣó tí òpó ti wà lórí rẹ̀ sí i, iṣẹ́ parí, okùn ìránṣọ kankan kò sí. Ọwọ́ tó mọṣẹ́ lè ṣe é tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Síbẹ̀, ohun tó yá ní ewu tirẹ̀. Inú ihò tóóró ni gbogbo iṣẹ́ ń lọ, oníṣẹ́ abẹ kò rí egungun náà tán, omi sì lè má dé ìsàlẹ̀ dáadáa. Àwọn ìròyìn ìbẹ̀rẹ̀ kan fi hàn pé ìṣó tó tú pọ̀ ju bí wọ́n ti retí lọ, wọ́n sì ní láti tún irinṣẹ́ náà ṣe. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kí àwọn dókítà kọ́kọ́ mọ ọ̀nà ojú abẹ gbọọrọ, tí ojú ti ń rí egungun, kí wọ́n tó sún mọ́ èyí tó kéré jù.

Ti ọmọdé yàtọ̀. Egungun orí rẹ̀ tinrin, ó sì rọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ tó bá ti pé ọdún 5 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn, gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún. Abẹ́rẹ́ oorun ni wọ́n ń lò, ọ̀pọ̀ sì ni wọ́n ṣì ń ṣe é fún lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà láàárín, kí egungun lè rí àyè hù mọ́ ìṣó. Nítorí pé ọmọdé ń ṣubú, tí bọ́ọ̀lù ń bà wọ́n, àwọn dókítà kan ń fi ìṣó kejì pa mọ́ sábẹ́ awọ ní ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá tú, èkejì ti wà nílẹ̀. Ọmọ tí kò tíì tó ọjọ́ orí iṣẹ́ abẹ kò gbọ́dọ̀ jókòó lásán. Láti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbí ni wọ́n ti lè de ọ̀já rírọ̀ tó ní ẹ̀rọ agbohùn mọ́ ọn lórí. Àwọn ọdún tí ọmọ fi ń kọ́ èdè kì í pa dà wá, ọ̀já yìí ni kò sì ní jẹ́ kí ó pàdánù wọn.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò fi òpó la awọ síta rárá. Nínú oríṣi àkọ́kọ́, irin òòfà, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n fi pa mọ́ sábẹ́ awọ. Òòfà mìíràn wà lára ẹ̀rọ agbohùn níta, àwọn méjèèjì sì ń fa ara wọn. Awọ tó wà láàárín wọn máa ń gbé lára ohùn mì, pàápàá ohùn tó mú tín-ín-rín, òòfà tó bá sì lágbára jù máa ń tẹ awọ títí tí yóò fi ro ó. Nínú oríṣi kejì, ohun tó ń gbọ̀nrìrì gan-an ni wọ́n gbé sábẹ́ awọ, tí ẹ̀rọ òde kàn ń fi iná àti ìròyìn ohùn ránṣẹ́ sí i. Bonebridge, tí iléeṣẹ́ MED-EL ti Austria ṣe, wọ ọjà Yúróòpù lọ́dún 2012. Egungun tí wọ́n ń gbẹ́ fún un jìn tó mìlímítà 8.7, nítorí náà àwòrán CT gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ibi tí egungun ti nípọn hàn. Oríṣi Bonebridge tó tẹ̀ lé e kò nílò ju mìlímítà 4.5 lọ. Osia, tí iléeṣẹ́ Cochlear ṣe, gba ìyọ̀ǹda ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019. Orí ìṣó titanium kan náà ló jókòó sí, òkúta tó máa ń tẹ̀ bí iná bá kàn án ló sì ń gbọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ abẹ méjèèjì tóbi ju ti òpó lọ, owó wọn ga, òòfà inú wọn sì ń dí àwòrán MRI orí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n awọ orí wà ní pípé, kò sí ojú ọgbẹ́ láti máa fọ̀ lójoojúmọ́.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Àpá tó ń wú, tó ń le, tó ń tóbi ju ọgbẹ́ tó bí i lọ, wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Lára òpó, irú awọ bẹ́ẹ̀ lè hù gun òpó náà kó sì bò ó. Kí wọ́n tó yan irú ẹ̀rọ tí aláìsàn máa lò, ó yẹ kí wọ́n wo ibi tí ó ti lu etí, ojú gbẹ́rẹ́ àti àpá abẹ àtijọ́ lára rẹ̀. Ẹni tí àpá rẹ̀ ń wú, oríṣi tó wà lábẹ́ awọ lè bá a mu jù. Ẹni tí kò ní irú àpá bẹ́ẹ̀, òpó ni owó rẹ̀ rọrùn jù, òun náà ló sì ń gbé ohùn lọ tààrà láìsí awọ tó dí i lọ́nà.

Ìtọ́jú lẹ́yìn abẹ ló ń pinnu bóyá ìṣó yóò pẹ́. Ọṣẹ, omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni aláìsàn fi ń fọ ìdí òpó lójoojúmọ́. Láti bí ọdún 1988 ni àwọn dókítà ti ń lo òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Holgers láti sọ bí awọ ṣe wà. Òdo ni awọ tí kò ní nǹkan kan. 1 ni awọ tó pọ́n díẹ̀. 2 ni èyí tó pọ́n, tó sì tutù. 3 ni èyí tí ẹran tún ti ń hù níbẹ̀. 4 ni àkóràn tó le débi pé wọ́n gbọ́dọ̀ yọ òpó náà. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá kọ́ lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ó lè fọ̀ ọ́, ó lè fún aláìsàn ní oògùn ìpara, ó sì lè tún òpó tó dẹ̀ dì. Ìṣó tó tú pátápátá wọ́pọ̀ lára ọmọdé ju lára àgbàlagbà lọ. Ewu ńlá wà, ṣùgbọ́n kì í wọ́pọ̀: ẹ̀jẹ̀ tó ń ya, omi ọpọlọ tó ń jò, tàbí àkóràn tó dé inú agbárí. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ abẹ yìí, bó ti wù kó kéré tó, kò fi gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ dókítà tó kọ́ ọ.

Láti inú gbogbo èyí ni ohun tí lẹ́tà yìí ń béèrè ti jáde, àwọn aláṣẹ sì lè ṣe é.

Àkọ́kọ́ ni pé kí ìtọ́jú etí tó ń ṣọyún di iṣẹ́ gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Etí tí wọ́n bá tètè tọ́jú kò ní nílò ìṣó. Èkejì ni pé kí wọ́n máa yẹ ìgbọ́ràn ọmọ tuntun wò, kí ọmọ tí wọ́n bí láìní ihò etí sì dé ọ̀dọ̀ onímọ̀ ìgbọ́ràn láàárín oṣù àkọ́kọ́, kí ọ̀já rírọ̀ àti ẹ̀rọ agbohùn wà nílẹ̀ fún un. Ẹ̀kẹta ni pé kí iṣẹ́ abẹ náà bẹ̀rẹ̀ ní ibi díẹ̀ tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé, irú bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó àti ilé ìwòsàn etí ti ìjọba àpapọ̀ ní Kàdúná, kí dókítà, onímọ̀ ìgbọ́ràn àti nọ́ọ̀sì gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ pa pọ̀, nítorí pé dókítà nìkan kò lè gbé e dúró. Ẹ̀kẹrin ni pé kí ìjọba fi ohùn kan bá àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà dúnàádúrà, kí bátìrì, ohun ìpààrọ̀ àti àtúnṣe sì wà nínú àdéhùn. Ìṣó lè wà lórí ènìyàn títí ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ agbohùn ń gbó. Ìṣó tí kò ní ẹ̀rọ agbohùn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀karùn-ún ni pé kí ìwé àkọsílẹ̀ kan wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, níbi tí wọn yóò ti máa kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ọ̀nà tí wọ́n lò, bí awọ ṣe wà, àti ìṣó tó tú. Sweden àti Netherlands ì bá má mọ èyí tó dára nínú ọ̀nà wọn bí wọn kò bá ṣe irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Òfin NHIA tí ààrẹ buwọ́ lù lọ́dún 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà ní ìdójútòfò ìlera. Òfin tó kọ ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n. Àwọn òfin méjèèjì ti wà nílẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn inú egungun, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ àti ìtọ́jú tó tẹ̀ lé e wọ inú ohun tí ìdójútòfò yìí ń san owó rẹ̀, kí ọ̀já rírọ̀ àwọn ọmọdé sì ṣáájú, nítorí pé kò gba abẹ rárá, kò sì sí ìdí tí ọmọ kan yóò fi máa dúró dè é. Kí àwọn aláṣẹ fi èyí sínú ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀.